Òṣùpá tí Àbẹ̀ní rí ní Bobè

Bantè, Ọjọ́bọ̀

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣú lánàá nígbà tí mo pe Àbẹ̀ní, àbúrò mi tó ń tọ́jú Màmá ní Bobè, nítòsí ibí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ara wọn ti ń le. Ìta la wà, òṣùpá mọ́lẹ̀ kedere, mo ń fún wọn ní ògì mu."

Mo bojú wòta. Òkùnkùn biribiri. Ọjọ́ karùn-ún rèé tí òṣùpá ti kún, ó sì ń pẹ́ yọ sí i lójoojúmọ́. Olùkọ́ wa fi ọsàn àti fìtílà kọ́ wa nílé ìwé. Kò lè yọ ní Bobè kó má yọ ní Bantè.

Mo ní, "Ó dáa."

Láàárọ̀ yìí mo gun alùpùpù zémíjàn lọ sí Bobè. Màmá nìkan ni mo bá lórí ẹní, ètè wọn ti gbẹ. Aládùúgbò ní ọjọ́ mẹ́ta rèé tí Àbẹ̀ní ti lọ bá ọkùnrin kan ní Savalou.

Màmá mu ife omi mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Mo wá bi wọ́n pé Àbẹ̀ní dà.

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ pọn omi ni."

Mo ti gbé wọn wá sílé mi. Irọ́ Àbẹ̀ní bí mi nínú, ṣùgbọ́n ti Màmá, mi ò mọ ibi tí màá gbé e sí.