Ta Ló Ń Jẹ́ Ọkọ Nínú Agbo?

Ilé Àwọn Olùkọ́,
Àdúgbò Pákò,
Igbó-Ọrà,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Keje, ọdún 2024.

Ọmọ́tárá, ọkọ ijó mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ọkọ gidi tó gbé ọ lọ sí Yola? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ara wọn le? Mo gbọ́ pé ooru ibẹ̀ ń bó èèyàn lára bí ẹni bó ẹ̀gẹ́. Ọlọ́run á máa fi òjò tù yín lára. Ní tiwa níbí, a dúpẹ́. Àgbàdo ti gbó, òjò sì ti ba ọ̀nà ìlú Tápà jẹ́ débi pé ọlọ́kadà kò fẹ́ gbé èèyàn lọ síbẹ̀ mọ́. Màmá mi kí ọ. Wọ́n ní ṣé o ń rí ìlasa sè lọ́hùn-ún.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo fojú kàn ọ́ gbẹ̀yìn. Mi ò pè ọ́ lórí fóònù nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí gùn, omi á sì ti bọ́ lójú mi kí n tó sọ ọ́ tán.

Ilé-ìwé wa ń múra ayẹyẹ ìparí ọdún, ni ọ̀gá wa bá ní kí n kọ́ àwọn ọmọ ní ijó méjì-méjì tí Màmá Awóníyì kọ́ èmi àti ìwọ ní Ìbẹ̀rẹ̀kòdó nígbà tí a wà ní kékeré. Inú mi dùn kọjá sísọ. Ọmọbìnrin mọ́kànlá àti ọmọkùnrin márùn-ún ló fẹ́ jó. Mo ṣe é bí wọ́n ṣe ṣe é fún wa: mo ní kí ẹsẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ ibi tó máa dúró sí. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Làtíífàt. Bó bá ti gbé ẹsẹ̀, ìwọ gan-an ni mò ń rí. Mo fi í ṣe ọkọ, kó máa ṣáájú ijó. Malachi, ọmọkùnrin tó dákẹ́ jù ní kíláàsì, mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn ijó. Mo fi í ṣe ìyàwó rẹ̀.

Bí wàhálà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ Malachi ń pè é ní "Ìyàwó" láti kíláàsì títí dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn, ni ọmọ náà ò bá wá mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Tóbilọ́ba, olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìjẹ̀bú tí a jọ ń mójú tó ayẹyẹ náà, sọ fún mi pé, "Àǹtí, ẹ má bínú, èyí ò bójú mu. Ọkùnrin ni ọkọ, obìnrin ni ìyàwó. Kí ni àwọn òbí máa sọ?" Ó mú Làtíífàt lọ sí ìlà àwọn ìyàwó. Ẹsẹ̀ ọmọ náà kú pátápátá.

Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ orúkọ. Bí a ṣe ní adárin, mo ní kí ẹni tó ṣáájú máa jẹ́ "adájó". Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín: "Adájọ́ kẹ̀! Mà, ṣé kóòtù la wà ni?" A fi ìyẹn sílẹ̀, a mú "aṣáájú" àti "ẹlẹ́gbè". Ọ̀gbẹ́ni Tóbilọ́ba gbà, torí kò sẹ́ni tó lè fi ìyẹn bú ọmọ ọlọ́mọ.

Síbẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi pé mo ti ta ohun tí wọ́n fi sí mi lọ́wọ́. Mo gba ọ̀dọ̀ Màmá Awóníyì lọ láti tọrọ àforíjì. Wọ́n ti darúgbó, Ọmọ́tárá. Orúnkún ti kọ̀ fún wọn, orí àga ni wọ́n ń wà láti àárọ̀. Mo rò ó fún wọn tán, wọ́n rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún yín pé ọkùnrin ni ọkọ? Ọjọ́ tí mo wọ ilé yìí, mo bá ọmọdébìnrin ọdún mẹ́fà kan níbẹ̀, àbúrò ọkọ mi. 'Ọkọ mi' ni mò ń pè é títí ó fi kú. Mo bá a nílé ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú agbo: ẹni tó kọ́kọ́ wọlé lọkọ, ẹni tó bá a níbẹ̀ nìyàwó. Kò kan ohun tó wà lábẹ́ aṣọ."

Mo bi wọ́n bóyá kí n dá orúkọ àtijọ́ padà. Wọ́n mi orí. "Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń pa ọmọ lẹ́kún, ẹ gbé e tì ná. Ijó ni kí ẹ má gbé tì."

Mo lọ bẹ Malachi nílé, ó padà wá. Làtíífàt náà padà síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́.

Àfi ìjáde agbo ló kù. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kàn ọ́. Gbogbo ohun tí ọkọ ń ṣe nínú ijó yẹn ni mo mọ̀, torí ojú mi lo ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n tó bá di ìjáde, ìyàwó á kẹ̀yìn sí ọkọ, á máa lọ. Ọkọ á máa bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ọdún tí a fi jó, mi ò bojú wẹ̀yìn rí. Mo kàn ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń hó ni. Mo bẹ Màmá kí wọ́n sọ ohun tí ò ń ṣe fún mi. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ náà dúró lófuurufú. Wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, Rẹ̀mílẹ́kún. Ẹnu ò mọ̀ ọ́n." Nínú gbogbo àwọn tó ṣe ọkọ láyé ìgbà náà, ìwọ nìkan ló kù tí mo mọ ibi tó wà.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá la ṣe ayẹyẹ náà. Làtíífàt ń ṣáájú, Malachi ń gbè é, bàbá Malachi dìde dúró kó lè ríran dáadáa. Nígbà tó kan ìjáde, mo ní kí wọ́n kàn tẹrí ba, kí wọ́n rìn jáde. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ títí; kò sẹ́ni tó mọ̀ pé nǹkan kù. Màmá Awóníyì tí a gbé wá nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Wọ́n ṣì ń wo agbo, wọ́n ń retí kó parí.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra, pàápàá àbíkẹ́yìn tí mi ò tíì rí sójú. Mo mọ̀ pé ọ̀nà jìn, iṣẹ́ ò sì fúnni láyè. Ṣùgbọ́n má fi fídíò ránṣẹ́, jọ̀ọ́. Wá fi ẹsẹ̀ rẹ sọ ọ́ nílẹ̀ Ìbẹ̀rẹ̀kòdó nígbà tí Màmá ṣì ń ríran. Kọ́kọ́ wọ agbo, èmi á wá bá ọ níbẹ̀. Tó bá sì di ìjáde, àṣà á forí jì mí: mo máa bojú wẹ̀yìn.

Èmi tí àárò rẹ ń sọ,
Rẹ̀mílẹ́kún.