Lándírófà Tó Di Ìkòkò

Ilé Bàbá Àkànmú,
Ìlobù.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti inú ìwé yìí. Mo nírètí pé orúnkún yín ti ń gbà fún yín láti gun òkè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àti pé gbogbo ará ilé l'Ìkàrẹ́ wà ní àlàáfíà. Èmi náà wà láàyè, ara mi sì pé. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó ka ìyókù, torí ohun tí ẹ gbọ́ lórí rédíò nípa Ìlobù àti Ìfọ́n, ojú mi ló ṣe. Lórí fóònù, mo ní kò sí nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bí mo bá fẹ́ sọ ọ́ lẹ́nu, kì í jáde. Bí mo bá ń kọ ọ́, ó ń jáde.

Ẹ mọ̀ pé yàrá tó wọ́n nítòsí ilé ìwé wa ní Òṣogbo ló gbé mi wá sí Ìlobù. Láti ìgbà tí mo ti dé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí níbi gbogbo: "Ọmọ ibo ni ẹ́?" Bí mo bá ti la ẹnu, wọ́n á gbọ́ Àkókó nínú ọ̀rọ̀ mi, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ibi, ṣùgbọ́n mo wá ń pa ẹnu mi dé. Mo di ẹni tí ń wo nǹkan. Mo mọ ìgbà tí Shakirah, ọmọ Bàbá onílé wa, bá ti sunkún, torí ó máa ń gbá ilẹ̀ tó ti gbá tẹ́lẹ̀. Mo mọ ẹni tí ń jí omi bù nínú kànga àti ẹni tí ń díbọ́n bí ẹni pé òun kò rí i. Ẹni tí n ó bá sọ ọ́ ni n kò ní.

Lẹ́yìn ilé wa ni ògbólógbòó ọkọ̀ Lándírófà kan wà, lábẹ́ igi òroǹbó. Bàbá Àkànmú rà á ní gbànjo nígbà tí irun wọn ṣì dúdú, wọ́n sì fi kó iṣu láti oko títí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi dákẹ́. Adìyẹ ń yé sí abẹ́ ìjókòó awakọ̀, koríko sì ti gba ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọlé. Òun nìkan ni kò bi mí pé ọmọ ibo ni mí. Inú rẹ̀ ni mo ti ń kàwé. Lọ́jọ́ kan mo mú sípánà kan tó ti dípẹtà, mo gbìyànjú bọ́lítì kan wò, ó sì tú. N kò mọ̀ pé Bàbá ti dúró lẹ́yìn mi. Wọ́n ní, "Tóyọ̀sí, ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń dá a padà?" Mo ní n kò mọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di igi mú. Wọ́n ní bí mo bá lè mú ọkọ̀ náà dìde, àwa méjèèjì la ó jọ ni ín.

Ìyá mi, n kò mọ nǹkan kan. Mo tú wáyà láìfi àmì sí i. Mo da gbogbo bọ́lítì pọ̀ sínú garawa kan. Ilẹ̀kùn tó wọ́ díẹ̀, mo fi òòlù lù ú kó lè nà, ó tẹ̀ wọnú bí agolo mílíìkì. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ara Lándírófà kì í ṣe irin. Mo gbé òòfà lé e, ó já bọ́. Aluminiọ́mù ni, bí ìkòkò tí ẹ fi ń se ìrẹsì Kérésìmesì. Ara yẹn kò dípẹtà rárá, ṣùgbọ́n ṣáṣí, ìyẹn egungun tó gbé gbogbo rẹ̀ dúró nísàlẹ̀, irin ni, ìpẹtà sì ti jẹ ẹ́ débi tí ọwọ́ mi ń gba inú rẹ̀ kọjá. Àmúdà, ọkùnrin bíríkìlà tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà, wá wo iṣẹ́ mi, ó sì sọ mí ní Ìyá Oníkòkò. Gbogbo àdúgbò gbà á lẹ́nu rẹ̀. Inú mi dùn sí i ju bí mo ṣe fi hàn lọ. Wọ́n ti rí nǹkan mìíràn pè mí yàtọ̀ sí àlejò.

Ọ̀rọ̀ ṣáṣí yẹn ló mú Jàlálù wá. Jórinjórin ni, ọmọ Ìfọ́n tó bá Ìlobù pààlà, ṣùgbọ́n Òṣogbo ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Bàbá Àkànmú àti olóògbé bàbá rẹ̀ ti jọ ṣọ̀rẹ́. Ọjọ́ Sátidé ló máa ń wá. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó tú táńkì epo kúrò nídìí ọkọ̀, ó sì gbé e lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Mo ní, "Bọ̀dá Jàlálù, òfìfo mà ni." Ó ní, "Òfìfo ló burú jù. Òórùn epo tó kù nínú rẹ̀ ló máa ń bú mọ́ àwa jórinjórin lójú. Mi ò tíì gbéyàwó, Ìyá Oníkòkò." Lẹ́yìn náà ló gbẹ́ kòtò sábẹ́ ọkọ̀, tó lè gba ènìyàn tó bá káwọ́ kásẹ̀ jọ, kó lè máa rí ìdí ṣáṣí. Awò dúdú kan ṣoṣo tí ń gba ojú lọ́wọ́ iná ló ní. Ọjọ́ tó ní kí n dán iṣẹ́ wò, ó bọ́ ọ fún mi, òun kọjú sí ògiri. Nígbà tó yíjú padà tó rí ohun tí mo jó mọ́ ṣáṣí, ó ní àwọn adìyẹ ló ṣu ú síbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín sókè. Ẹ̀rù bà mí láti gbọ́ ohùn ara mi.

Ọjọ́ Sátidé kan ni ìjà bẹ́ sílẹ̀. Láti àárín ọ̀sẹ̀ la ti ń gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti tún gbóná láàárín ìlú méjèèjì. Bàbá ti pe Jàlálù pé kó má wá, fóònù rẹ̀ kò lọ, ó sì ti dé kí ìbọn àkọ́kọ́ tó dún. N kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ yìn ín, n kò sì ní sọ fún yín pé ìlú kan ló jẹ̀bi, torí láti orí Lándírófà tí mo gùn, ìhà méjèèjì ni mo ti rí èéfín. Ọkùnrin kan sáré kọjá níwájú ilé wa, ó ń fi ọwọ́ kan gbé ọwọ́ kejì tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ní ìkóríta, àwọn kan dá ẹnì kan dúró lórí ọ̀kadà, wọ́n bi í pé ọmọ ibo ni. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí lójoojúmọ́ náà ni. Kó tó dáhùn tán, wọ́n ti ṣá a ládàá lórí, ọ̀kadà rẹ̀ sì ń dún lọ nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kò sí ọ̀nà tí Jàlálù lè gbà jáde. Bàbá ní kó wọ inú kòtò. A fi pákó bò ó, a da iyẹ̀pẹ̀ lé pákó. Kò pẹ́ tí àwọn ọkùnrin Ìlobù kan fi dé, wọ́n pọ̀, àwọn kan gbé ìbọn, àwọn kan gbé àáké. Àmúdà ló ṣáájú wọn. Wọ́n ti yìnbọn pa àbúrò rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ àbúrò náà ló gbẹ mọ́ ọn láyà. Ó ní, "Bàbá, jórinjórin yẹn dà?" Bàbá ní ó ti lọ. Ó tún bi wọ́n, Bàbá tún un sọ. Ẹnì kan fi ìdí ìbọn gbá Bàbá lápá, mo gbọ́ bí egungun náà ṣe ṣẹ́. Bàbá ṣubú, òmíràn sì fi bàtà tẹ̀ wọ́n lọ́rùn. Àwọn ìyókù túlé, wọ́n fọ́ ohun tí wọ́n rí. Àmúdà kò bá wọn wọlé, ó kàn ń wo Lándírófà. Ó ní, "Ọkọ̀ tí ọmọ Ìfọ́n ń tún ṣe kò ní bá wa sùn nílùú yìí." Wọ́n ju táyà ògbólógbòó sínú rẹ̀, wọ́n da pẹtiróòlù sí i, wọ́n ṣáná.

Wọn kò lọ. Wọ́n dúró wò ó. Ọ̀dà bó, ìjókòó gbiná, lẹ́yìn náà ni ara ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Mo rí i tó ń kán, ó funfun bí ògì gbígbóná, ó ń kán sí ibi tí pákó wà. Bí mo bá sọ pé ènìyàn wà nísàlẹ̀, wọ́n á fà á yọ, wọ́n á pa á lójú mi. Bí mo bá dákẹ́, yóò jóná síbẹ̀. Bàbá ń wò mí láti ilẹ̀. Mo wá rántí táńkì. Àwa mẹ́rin péré, èmi, Bàbá, Shakirah àti Jàlálù, la mọ̀ pé kò sí nídìí ọkọ̀ náà mọ́.

Ìyá mi, ẹ mọ̀ mí. Ní ilé ìwé, wọ́n a máa rò pé n kò wá. Mo gbé ohùn sókè, mo ní, "Táńkì ti kún, ó fẹ́ bú! Àná la rọ epo sí i!" Mo sì sáré gba àárín wọn kọjá bí ẹni tó ya wèrè. Àmúdà wò mí lójú. N kò mọ ohun tó rí níbẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ sá, ìyókù tẹ̀ lé e, wọ́n ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ lẹ́nu géètì.

Èmi àti Shakirah fi ọkọ́ fa pákó náà kúrò. Iná ti jẹ ibì kan já lára rẹ̀. Nígbà tí Jàlálù jáde, aluminiọ́mù ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn àti ní ọwọ́ ọ̀tún, ẹran ara rẹ̀ ń hó lábẹ́ rẹ̀. Kò ké nínú kòtò yẹn, Ìyá mi. Ó ti fi eyín ya fìlà rẹ̀ sí méjì. Shakirah bọ́ híjáàbù rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ fún Jàlálù, ó sì gbé e sí ẹ̀yìn ọ̀kadà ọ̀rẹ́ Bàbá kan, òun alára jókòó lẹ́yìn, ó dì í mú. Ẹnikẹ́ni tó dá wọn dúró, ó ń sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n òun ń rọbí. Ọ̀nà ẹ̀yìn oko ni wọ́n gbà títí wọ́n fi já sí Òṣogbo. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn sójà dé, ìjọba sì kéde kónílé-ó-gbélé.

Mo ti lọ wò ó ní ọsibítù. Ikùn ló ń dùbúlẹ̀ lé, ìka rẹ̀ méjì kò tíì gbọ́ tirẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣáṣí ńkọ́?" Mo ní ó dúró, ó dúdú, ṣùgbọ́n kò tẹ̀. Ó ní iṣẹ́ adìyẹ tèmi náà ńkọ́. Mo ní òun náà kò já. Ó gbé ojú sí ìrọ̀rí, èjìká rẹ̀ ń mì, n kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni.

Àmúdà wá sílé wa lẹ́yìn tí wọ́n sin àbúrò rẹ̀. Kò wọ inú ilé. Ó lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, ó rí táńkì níbẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tì í, ó gbọ́ bó ṣe dún. Ó bi mí pé, "Kò sí nǹkan nínú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?" Mo ní kò sí. Ó yí táńkì náà padà sí àyè rẹ̀, ó sì lọ. Kò pè mí ní Ìyá Oníkòkò mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ tutù lábẹ́ igi òroǹbó, aluminiọ́mù náà ti dì bí omi tó dá sílẹ̀. Bàbá Àkànmú, pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi okùn gbé kọ́ ọrùn, ṣa gbogbo rẹ̀ sínú àpò. Nígbà tí ọ̀nà ṣí, wọ́n gbé e lọ fún àwọn tó ń da ìkòkò ní Òṣogbo, àwọn yẹn sì fi da ìkòkò méjì. Bàbá ní ọ̀kan gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ìyá Jàlálù ní Ìfọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìlobù wo nínú ilé náà ni yóò gbé e lọ? Gbogbo wọn wo ara wọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n wò mí.

Mo gbé e rù. Níbi tí ìlú méjèèjì ti pàdé, sójà kan dá mi dúró, ó ní ọmọ ibo ni mí. Mo ní ọmọ Ìkàrẹ́ ni mí. Ó ní kí n kọjá. Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá Jàlálù, mo jẹ́ iṣẹ́ Bàbá. Wọ́n fi ọwọ́ pa ìkòkò náà lára yíká. Wọ́n ní, "Ohun tó jó ọmọ mi lẹ́yìn ni kí n fi se ọbẹ̀?" Wọ́n ní kí n gbé e sí ìta, kí n bu omi sí i fún àwọn adìyẹ. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ń lọ, wọ́n pè mí padà, wọ́n mú awò dúdú yẹn jáde láti inú àpò ọmọ wọn. Wọ́n ní, "Ó ní kí n fún ẹ. Ó ní ọwọ́ òun kò tíì lè di nǹkan mú, pé ṣáṣí ṣì kù." Wọ́n fi aṣọ nu dígí rẹ̀ kí wọ́n tó fi lé mi lọ́wọ́.

Nítorí náà, Ìyá mi, n kò ní lè wálé nísinsìnyí bí ẹ ṣe ní kí n máa bọ̀. Mo ń fi àjákù irin kọ́ ọwọ́, títí tí n ó fi lè jó ṣáṣí náà. Kí Ọlọ́run gbé orúnkún yín ró. Kí ẹ má gbọ́ ìbọn ládùúgbò yín láéláé. Ojú yín yóò rí mi, ojú mi yóò sì rí yín.

Èmi ni ọmọ yín tó ń ti ọ̀nà jíjìn kúnlẹ̀,
Tóyọ̀sí.

Mo gbàgbé: ìkòkò kejì wà lọ́wọ́ Fọlá tó mú ìwé yìí wá. Bàbá Àkànmú ní tiyín ni. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ fi se nǹkan. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ ní adìyẹ.