Ọwọ́ Tó Wẹ Òkú Àdúgbò Ṣàngó fún Ọdún Mẹ́rìnlélógójì: Ìgbésí Ayé Àlàájà Jummai Hàrúnà

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan ní ọdún 1956, ní àdúgbò Gàmbàrí ní ìlú Ìlọrin, ni Màlámù Àbdùlkàrímù, oníṣòwò obì tí àwọn bàbá rẹ̀ ti Kánò ṣí wá, àti ìyàwó rẹ̀, Rùkáyàt, bí Àlàájà Jummai. Ọjọ́ tí wọ́n bí wọn ló fún wọn lórúkọ: Jummai ni àwọn Haúsá ń pe ọmọbìnrin tí a bí ní Jímọ́ọ̀. Wọ́n ka Àlùkùráánì yanjú ní ilé kéwú, wọ́n sì jáde ìwé mẹ́fà ní ọdún 1969. Ẹnu wọn mú láti kékeré. Bí ohun kan kò bá dáa, Àlàájà kì í fi sábẹ́ ahọ́n sọ.

Ní ọdún 1975, wọ́n so yìgì wọn pẹ̀lú Àlàájì Hàrúnà Zakari, télọ̀ ní àdúgbò Ṣàngó ní Ìlọrin. Ọkọ ń ránṣọ, ìyàwó ń ta aṣọ funfun ní iwájú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ní ọdún 1980, ibà gbé àkọ́bí wọn, Raudah, lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Nínú ilé tí wọ́n háyà yàrá sí, kò sẹ́ni tó mọ bí a ṣe ń wẹ òkú, àáfà tí wọ́n ránṣẹ́ sí sì ti rìnrìn àjò. Bàbá àti ìyá fúnra wọn ló wẹ ọmọ wọn, tẹkúntẹkún. Kí Ọlọ́run má fi irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ han ọ̀tá ẹni.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni tọkọtaya náà lọ kọ́ iṣẹ́ òkú wíwẹ̀ lọ́dọ̀ àáfà, kí ẹlòmíì má baà wá ẹni tí yóò bá a wẹ òkú rẹ̀ tì. Àlàájì ń wẹ ọkùnrin, Àlàájà ń wẹ obìnrin. Láti Ṣàngó dé Basin, dé Fate, dé àwọn abúlé olóko, wọ́n ń lọ. Aṣọ ìsìnkú, láti ṣọ́ọ̀bù wọn ni. Wọn kò gba kọ́bọ̀ rí. Àwọn kan kì í jẹ oúnjẹ tí Àlàájà bá fọwọ́ kàn, àwọn kan kò sì jẹ́ ra aṣọ Iléyá lọ́wọ́ wọn mọ́. Àlàájà a rẹ́rìn-ín, wọn a ní ẹni tó ń sá fún àwọn lónìí ni yóò wá kan ilẹ̀kùn àwọn lọ́la. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń rí.

Àlàájì le lórí ohun kan. Bí èémí bá ti bọ́, wọn kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fi òkú sílẹ̀ torí pé ọmọ kan ń bọ̀ láti Àbújá tàbí láti Lọ́ńdọ̀nù. Wọn a ní òkú kì í dúró de alààyè. Ọ̀pọ̀ ẹbí ló bá wọn jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àdéhùn kan ṣoṣo ló sì wà láàárín àwọn àti ìyàwó wọn: ẹni tí ọlọ́jọ́ bá kọ́kọ́ dé bá, èkejì ni yóò wẹ̀ ẹ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá ọdún 2024, ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àyà ti ń dun Àlàájà. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, wọ́n wá láti abúlé kan pé àgbẹ̀ kan kú, kò sí ẹni tí yóò wẹ̀ ẹ́. Àlàájì ní àwọn kò lọ síbì kankan. Àlàájà gbórí sókè lórí ibùsùn, wọ́n ní, “Bàbá Naeem, ẹ lọ. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ torí tèmi ni òkú ẹlòmíì á fi wà nílẹ̀.”

Àlàájì lọ. Kí aago mẹ́wàá tó lù, Àlàájà ti dákẹ́. Fóònù kò wọlé sí abúlé náà, ọkùnrin tí wọ́n rán lọ lórí ọ̀kadà kò sì tètè padà. Naeem, ọmọkùnrin wọn, ní kí wọ́n dúró de Bàbá títí di Àlàásárì, torí àdéhùn náà. Rodiyah, tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ń sunkún, ó ní Bàbá fúnra wọn kò ní gbà kí òkú dúró. Ojú ti gbogbo ọmọ, ẹ̀rù sì bà wọ́n. Níkẹyìn, Rodiyah àti àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí wẹ ìyá, wọ́n sì fi aṣọ funfun dì wọ́n.

Wọ́n ti kírun sí Àlàájà lára tán lẹ́yìn Àílà kí Àlàájì tó dé, pẹ̀lú eruku abúlé lẹ́sẹ̀. Ẹnìkan fẹ́ tú aṣọ kí wọ́n lè rójú ìyàwó wọn. Àlàájì ní, “Ẹ má tú u. Bí mo ṣe kọ́ yín lẹ ṣe é.” Ó dùn wọ́n wọ egungun, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló rí i.

Nígbà tí wọ́n dé itẹ́, àwọn èèyàn bẹ Àlàájì pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin kì í wọ inú sàréè, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ṣe é. Àlàájì bọ́ bàtà, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n gba ìyàwó wọn, wọ́n sì fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wọn lélẹ̀. Naeem na ọwọ́ sí wọn láti fà wọ́n jáde. Wọn kò wòkè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè wọ́n kí wọ́n tó dìde.

Àlàájì Hàrúnà ni àkọ́kọ́ nínú àwọn tí Àlàájà fi sáyé lọ. Ọmọ mẹ́ta tẹ̀ lé wọn: Naeem, Rodiyah àti Hamzah, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án. Rodiyah ló ń wẹ àwọn obìnrin Ṣàngó báyìí.

Ìyá wa, ẹ sùn re o. Kí Ọlọ́run mú ilé yín tuntun fẹ̀, kó tan ìmọ́lẹ̀ síbẹ̀, kó fi Àlùjánńà ta yín lọ́rẹ. Kó sì tu Bàbá nínú, ẹni tí a kò dúró dè.