Owó Oṣù Táíwò ní Tàílándì

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́, Òkè-Fìà.

Táíwò àbúrò mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Gẹ̀ẹ́sì ní Tàílándì, ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí tán ni. Àtìgbà tó ti lọ la ti ń ṣẹ́ owó oṣù rẹ̀ sí náírà, tí a ń pè é ní olówó. Bàbá wa tiẹ̀ ti ń wo ilẹ̀ tí Táíwò máa rà n'Íléṣà.

"Àǹtí mi, ṣé ẹ lè bá mi fi gààrí ránṣẹ́?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní tóun bá ti sanwó ilé tán, ẹ̀ẹ̀kan lòun ń jẹun lójúmọ́.

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Iye tí mò ń gbà nìkan lẹ máa ń béèrè. Ta ló béèrè iye tí mò ń ná?"

Háà! Àárọ̀ yìí gan-an ni mo kọ̀wé fi iṣẹ́ tíṣà mi sílẹ̀, kí n lè lọ bá a níbẹ̀.