Ọ̀kadà Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin Nínú Yìnyín

Abà Olówò,
Ọ̀nà Ìfẹ́tẹ̀dó.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn tí mo ti oko dé.

Akíndàmọ́lá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ń le ní Bramalea yẹn, ṣé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu? Kí Ọlọ́run tó mú ọ kọjá òkun lọ sí Toronto má gbàgbé ọ̀nà tí yóò gbà mú ọ padà, àmín. Bí o bá ń béèrè wa, àwa náà ń mí. Ọyẹ́ ti dé, ètè mi ti là, ewúrẹ́ dúdú bí méjì, ọ̀kan kú. Òrùlé ilé ìdáná ń jò, àmọ́ òjò ti lọ, nítorí náà kò tíì di ẹjọ́. Ìyá ni mí, mi ò lè bínú sí ọmọ kí n tó kí i. Mo ti kí ọ báyìí, ó ti tó.

Kúbúrá tó ń bá wa ṣájì fóònù ló fi fídíò rẹ hàn mí lọ́jọ́rú. Mo rí ọ lórí ọ̀kadà. Mo ní kó tún un ṣe kí n wò ó, ó tún un ṣe, ọ̀kadà náà ni, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní, ò ń gùn ún kọjá nínú yìnyín láàárín igbó kan tí kò léwé, ẹ̀rín ń pa ọ́. Mo jókòó sílẹ̀. Ọdún méjìlélógún ni bàbá rẹ fi gun ọ̀kadà láti abà yìí dé Ìfẹ́tẹ̀dó kí ìwọ má baà gùn ún, oko kòkó Òkè-Aró ni a sì tà kí o lè lọ kàwé lọ́hùn-ún, ṣé ọ̀kadà náà ni wọ́n wá ń kọ́ yín ní yunifásítì? Mo wo ẹ̀yìn rẹ bóyá màá rí èrò, mi ò rí ẹnì kankan. Mo bi Kúbúrá pé ta lò ń gbé, ó ní o kò gbé ẹnikẹ́ni, eré lò ń ṣe, pé ọ̀rẹ́ rẹ Adégbénró tó ń gbé ní Georgetown ló ni ọ̀kadà náà, pé àwọn ẹlòmíràn tilẹ̀ ń sanwó kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n gùn ún. Mo ní kó má parọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tó ń wa ọ̀kadà ni à ń sanwó fún, kì í ṣe òun ló ń sanwó kó tó wà á. Bí wọ́n bá ti yí i padà lọ́dọ̀ yín, ẹ fi ẹjọ́ sun ẹgbẹ́ ọlọ́kadà yín.

Ohun tó tún dẹ́rù bà mí ni ọwọ́ rẹ. Mi ò rí i. Àpò dúdú méjì ni wọ́n so mọ́ ìdìmú ọ̀kadà náà, apá rẹ sì wọ inú wọn lọ bí ìgbà tí wọ́n bá di olè lọ́wọ́. Mo kígbe. Kúbúrá ní kò sẹ́ni tó dè ọ́, pé nítorí òtútù ni, pé ìdìmú yẹn pàápàá ń gbóná, iná wà nínú rẹ̀, pé o tún ní àpò kékeré kan tí o máa ń mì pọ̀ọ̀pọ̀ọ̀, tó bá ti gbóná wàá kì í bọ inú ìbọ̀wọ́. Akíndàmọ́lá, ohun tó ń gbóná tí a kò dáná sábẹ́ rẹ̀, ṣé ọmọ ìjọ lè gbé e sára? Mo ti sọ ọ́ fún pásítọ̀. Ó ní òun yóò ronú sí i.

Bàbá rẹ náà mọ òtútù ọwọ́. Ní àárọ̀ ọyẹ́, kí wọ́n tó jáde, èmi ni mo máa ń fi òrí ra ọwọ́ wọn dé orí èékánná, wọn a fi ọ̀rá píọ̀-wọ́tà wé e, wọn a wá fi ìbọ̀sẹ̀ ilé-ìwé rẹ tó ti ya bo gbogbo rẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà yòókù a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé ọwọ́ ni wọ́n fi ń rìn ni. Wọn kò ní iná nínú ìdìmú. Ọwọ́ náà a ṣì máa là, ẹ̀jẹ̀ a máa yọ, ọwọ́ yẹn ni wọ́n sì fi rán ọ lọ sílé-ìwé.

Nínú gbogbo ohùn gígùn tí o fi ránṣẹ́ tẹ̀lé fídíò, tí ò ń bá Kúbúrá sọ Òyìnbó bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọwọ́ ló kún un. Òyìnbó mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n ń pe ọwọ́. Ọwọ́ lókè, ọwọ́ nísàlẹ̀. O kò béèrè sàréè bàbá rẹ.

Jẹ́ kí n rán ọ létí. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó pé ọdún kan tí a sin wọ́n. O ní ìwé rẹ kò tíì jáde, pé bí o bá kúrò wọn ò ní jẹ́ kí o wọlé mọ́. Mo ní kí o wá ẹni tó ń kọ ìwé náà lọ sílé, kí o mú nǹkan dání, kí o bẹ̀ ẹ́ kó yára, o ní kò sí ẹnì kan pàtó tó ń kọ ọ́. Ta ló wá ń kọ ọ́? Lọ́jọ́ ìsìnkú, nígbà tó kan kí àrẹ̀mọ da erùpẹ̀ àkọ́kọ́, bàbá rẹ kékeré, Bọ́lájí, na fóònù sórí ihò, wọ́n ní kí o da tìrẹ. Mo rí i tí o bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí o fi ọwọ́ lásán bu nǹkan funfun bí iyọ̀, tí o dà á. Mo wo ìsàlẹ̀ fóònù. Mo wo inú ihò. Kò sí ohun tó bọ́ sórí pósí. Mo ní kí wọ́n dúró, bóyá ọ̀nà ló jìn, a sì dúró títí bàbá rẹ kékeré fi sọ pé dátà òun ti tán.

Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fàáké kọ́rí, mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi sìmẹ́ǹtì bo sàréè yẹn àfi kí o dé, kí o fi ọwọ́ ara rẹ da erùpẹ̀ sí i. Àwọn ẹbí bàbá rẹ ń bú mi. Òjò ti gbá ẹ̀gbẹ́ kan lọ, ewúrẹ́ ń sùn lé e, ojoojúmọ́ ni mò ń lé ewúrẹ́ lórí ọkọ mi. Ìwọ wà lọ́hùn-ún, ò ń fi ọwọ́ gbígbóná ṣeré.

Ọjọ́ Ajé.

Mo dá ìwé yìí dúró lọ́jọ́ Àbámẹ́ta nítorí omijé ń ba ohun tí mo kọ jẹ́. Lánàá, Kúbúrá wá láti ya àwòrán rẹ̀ kó lè fi ránṣẹ́ sí ọ. Ó kà á, kò yà á mọ́. Ó jókòó, ó ní ohun kan wà nínú ohùn yẹn tí òun kò túmọ̀ fún mi, pé ìwọ lo bẹ òun kí òun má sọ ọ́.

Ó ní lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹnu iṣẹ́ lo wà, ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí yín kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni lo fóònù nínú ilé, ni o bá jáde síta, o dúró nínú yìnyín fún wákàtí méjì, láti ìgbà tí a ti dá orin àkọ́kọ́ títí a fi dé etí sàréè. Ó ní fóònù kì í mọ ọwọ́ tó bá wọ ìbọ̀wọ́, ìdí nìyí tí o fi bọ́ ti ọ̀tún, bí ìpè bá ti já, wàá tún tẹ̀ ẹ́. Ó ní ìka méjì dúdú, pé dókítà gé wọn kúrò, pé láti ìgbà náà, bí òtútù bá ti kan ọwọ́ yẹn, ìwọ ọkùnrin yóò máa sunkún. O kì í jáde mọ́ bí kò ṣe iṣẹ́ tàbí ilé-ìwé. Ni Adégbénró bá gbé ọ lọ gun ọ̀kadà tí iná wà nínú ìdìmú rẹ̀, o sì ya fídíò ránṣẹ́ kí n lè rí ọ tí ò ń rẹ́rìn-ín, kí n má sì rí ọwọ́ rẹ.

Mi ò ní pa ohun tí mo kọ lókè rẹ́. Inú ń bí mi nígbà tí mo kọ ọ́, inú ṣì ń bí mi. Inú ń bí mi sí ìwọ tí o fi odindi ọdún kan parọ́ fún ìyá rẹ. Inú ń bí mi sí ọ̀gá rẹ, àti sí fóònù tí kò mọ ọwọ́ ènìyàn, àti sí ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kọ. Èmi náà ń bí ara mi nínú, torí mo wà níbẹ̀, pósí ni mò ń wò, mi ò wo ọwọ́ rẹ.

Fi owó sìmẹ́ǹtì àpò mẹ́fà ránṣẹ́, pẹ̀lú ti bíríkìlà. Mo ti sọ fún bàbá rẹ kékeré pé kí wọ́n bo sàréè náà kí ọdún tó pé. O ti da tìrẹ, ẹnikẹ́ni tó bá ní o kò dà á kó wá bá mi. Mò ń wá ẹni tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún kí n fún un ní òrí, máa fi ra ọwọ́ kí o tó wọ ìbọ̀wọ́, kí o rà á dé ibi tí wọ́n gé. Àpò kékeré tó ń gbóná yẹn, máa lò ó. Bí pásítọ̀ bá ní ẹ̀ṣẹ̀ ni, kí wọ́n kà á sí mi lọ́rùn.

Òtútù kò ní gbà ju èyí tó ti gbà lọ́wọ́ rẹ lọ. Ìwé rẹ yóò jáde kí ọjọ́ mi tó pé. O ò ní sin mí nínú fóònù, ẹsẹ̀ rẹ ni wàá fi dúró létí sàréè mi, ọwọ́ ara rẹ ni wàá fi sin mí. Ìka mẹ́jọ tó láti bu erùpẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àyọ̀ká.