Iná Ọ̀fẹ́ Tó Pa Fírísà Ìyá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ara le? Ọlọ́run tó mú ọ jáde nílé wa kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Àwa náà wà láàyè, orúnkún mi ti ń gbọ́ràn díẹ̀, ajá ti bímọ, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti sọ èyí tó kù, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

O rántí ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ń bẹ nínú fóònù tí o fi ránṣẹ́, ẹni tó ń kọ́ aráyé bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ̀rọ tó ń mú iná wá lọ́fẹ̀ẹ́, láìsí epo, láìsí owó iná. Èmi àti káfíńtà ẹ̀gbẹ́ ilé wa ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí onírùngbọ̀n bá kí wa nínú fóònù ni mo máa ń dáhùn, mà á ní ilé dáa, àmọ́ kò béèrè ìyá rẹ rí. A tú rédíò àtijọ́, a yọ mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀, a wé wáyà bàbà mọ́ igi tí káfíńtà fá. Ó wá ku rẹsítọ̀, ìyẹn nǹkan kékeré bíi hóró ìrẹsì tí wọ́n kun ìlà aláwọ̀ sí lára. Onírùngbọ̀n ní ká wá èyí tó ní ìlà pupa méjì. Bàbá tó ń tún rédíò ṣe ní òun ò ní pupa, onílà dúdú ló kù lọ́wọ́ òun. Mo rà á bẹ́ẹ̀, mo délé, mo mú ọ̀dà èékánná ìyá rẹ, mo fi kun ìlà pupa méjì sí i. Ó dùn ún wò ju ti inú fóònù lọ.

Onírùngbọ̀n ní ká kọ́kọ́ ki ẹ̀rọ náà bọ iná ara ògiri kó lè jí, lẹ́yìn náà á máa bọ́ ara rẹ̀. Káfíńtà ní ká fi gílóòbù dán an wò, èmi ni mo ní kí ni gílóòbù já mọ́, ká fa wáyà fírísà sí i. Fírísà ké lẹ́ẹ̀kan, èéfín jáde lẹ́yìn rẹ̀, ó dákẹ́. Fírísà tí ìyá rẹ fi ń ta omi tútù, tó fi rán ọ nílé ìwé! Káfíńtà ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Mo sáré tan fóònù láti fi tó onírùngbọ̀n létí, ẹ̀rín kan náà ló ṣì ń rín.

Nígbà tí mo padà lọ bá bàbá tó ń tún rédíò ṣe, ó ní ìlà yẹn wulẹ̀ ń sọ bí agbára inú rẹsítọ̀ ṣe tó ni, pé ohun tí mo ṣe dà bí ìgbà téèyàn kọ ṣúgà sára agolo iyọ̀. Mo bi í bóyá ọ̀dà ẹ̀ẹ̀kan ni kò tó.

Ibi tó ń dùn mí nìyí. Nígbà tí àwọn oníbàárà dé tí wọn ò bá omi tútù, ìyá rẹ ní òun lòun fi àkísà tútù nu ìdí fírísà nígbà tí iná wà lára rẹ̀. Kò wojú mi. Àbúrò mi obìnrin bá a wí bí ẹni ń bá ọmọdé wí, ó ní àgbàlagbà wo ni ò mọ̀ pé omi àti iná kì í ṣọ̀rẹ́. Mo jókòó síbẹ̀. Ọmọ mi, kì í ṣe pé mo dákẹ́ nìkan, mo tún ní kí wọ́n má bínú sí i, pé kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe. Wọ́n ní ọkọ rere ni mí. Láti ìgbà náà, tó bá gbé oúnjẹ mi kalẹ̀, ilẹ̀ ni mo máa ń wò tí mo fi ń jẹ ẹ́.

Bá wa wá owó fírísà mìíràn, kódà kó jẹ́ àlòkù. Ojú ń tì mí láti tọrọ, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ìyá rẹ ni kó o fi ránṣẹ́ sí, má fi sọ́wọ́ mi, torí káfíńtà ti ní bóyá àwọ̀ ewé ló yẹ ká kùn, mo sì ti ń gbọ́ ọ. Mo fẹ́ sọ fún àbúrò mi pé èmi ni. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ òjò ni mo sọ tí mo fi padà.

Ọlọ́run á fún ọ ní ìyàwó tó máa bo àṣírí rẹ, kò sì ní jẹ́ kó o fún un ní ìkankan bò.

Èmi ni bàbá rẹ.