Àgádágodo Tí Mo Gé

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù kẹwàá

Ọjọ́bọ̀ la máa dán Abúramúramù wò. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Èmi ni mo sọ ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì yìí lórúkọ yẹn, nítorí ariwo tí wọ́n ní ó máa pa. Títí dòní, kò tíì sín.

Iṣẹ́ wa kò ju pé ká dè é mọ́ òpó kọnkéré, ká tanná sí i, ká wo bó ṣe ń bú láìjẹ́ kó fò. Gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ iná mànàmáná níbẹ̀, ọrùn mi ló wà. Ọdún kẹta rèé tí mo ti di olórí.

Wáyà kẹrìnlá tún ń ṣe ségesège. Òun ló ń gbé iná fún ẹ̀rọ tó ń wọn ooru. Mo ráhùn sí Bàbá Wáyà létí. Ó ní, "Fọkàn balẹ̀, Ìyá Iná. Màá wọ kòtò wáyà lọ wò ó kó tó di Ọjọ́bọ̀." Òun ló dàgbà jù nínú àwọn oníṣẹ́ iná wa. Ìgbà tí mo dé láti yunifásítì pẹ̀lú gírámà ńlá, tí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń di ẹ̀mú mú, òun ló kọ́ mi.

Ìṣẹ́gun, 7

Òjò. Ọ̀gá Aago — olùdarí wa, tó máa ń wo ọwọ́ rẹ̀ kó tó kí èèyàn — ní tí Ọjọ́bọ̀ bá tún yẹ̀, àwọn tó ni ẹ́ńjìnnì máa gbé e lọ síbòmíì. Ojú mi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Ọjọ́rú, 8

Òṣìṣẹ́ tuntun méjì dé. Mo kọ́ wọn ní òfin àgádágodo, bí Bàbá Wáyà ṣe kọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ wọ kòtò wáyà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ paná nídìí bọ́ọ̀dù iná, kó fi àgádágodo tirẹ̀ tì í pa, kó fi kọ́kọ́rọ́ sápò ara rẹ̀. Bí èèyàn mẹ́wàá bá wọlé, àgádágodo mẹ́wàá. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ti ẹlòmíì. Bí wọn ò bá rí ẹni tó ni ín, kí wọ́n wá a títí wọ́n á fi fojú ara wọn rí i. "Ẹ̀mí èèyàn ló so kọ́ síbẹ̀ yẹn o." Mo sọ ọ́ bí wòlíì! Bàbá Wáyà dúró lẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní mo ti jí ohùn òun.

Ọjọ́bọ̀, 9

Ó bú! Odindi ìṣẹ́jú méjì àtààbọ̀. Gbogbo gíláàsì yàrá àkóso ń gbọ̀n. Ọ̀gá Aago dì mọ́ mi, kò rántí wo aago. Ara mi yá gágá.

Nǹkan kan ṣá. Láàárọ̀, ó yẹ ká tan iná sórí òpó. Gbogbo àgádágodo ti kúrò nídìí bọ́ọ̀dù àfi ẹyọ kan, aláwọ̀ ewé, ti Bàbá Wáyà. Mo fi gbohùngbohùn pè é lẹ́ẹ̀mejì. Mo ránṣẹ́ sí yàrá irinṣẹ́ — kò sí níbẹ̀. Ẹnì kan ní òun rí i tó gbé báàgì, tó ń lọ sí géètì. Ó kúkú ti sọ fún mi pé òun máa lọ rí dókítà ojú lọ́sẹ̀ yìí. Mo ní ó ti gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ni. Ogbó ti dé. Ọ̀gá Aago wà lẹ́yìn mi: "Ẹnjiníà, kí la tún ń dúró dè?"

Láti bọ́ọ̀dù dé ẹnu kòtò kò ju ọgọ́fà ìṣísẹ̀ lọ. Mi ò lọ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gé àgádágodo náà. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Mo jù ú sí garawa ìdọ̀tí, mo tan iná. Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀.

Wáyà kẹrìnlá ṣì ń ṣe ségesège o. Bàbá tó ní òun máa tún un ṣe! Inú bí mi díẹ̀.

Ẹtì, 10

Bàbá Wáyà kò wá. Lẹ́tà ló dé — ojú òun kò ríran dáadáa mọ́, òun ti fẹ̀yìn tì. Ìlà méjì péré, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kò tiẹ̀ kí mi nínú rẹ̀. Mo pè é, kò gbé e.

Àìkú, 12

Fóònù kò dákẹ́. Ẹ kú oríire, ẹ kú oríire. Ọkọ mi ní, "Ìyá Ìbejì, ìwọ tó yege lo wá ń fajú ro?" Mo ní ó rẹ̀ mí ni.

Ọjọ́ Ajé, 13

Mo lọ bá aṣọ́géètì, mo ní kó ṣí ìwé Ọjọ́bọ̀ fún mi. Orúkọ Bàbá Wáyà nìyẹn. Ó jáde ní aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Aṣọ́géètì ní, "Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, mà. Mo bi wọ́n bóyá ibà ni. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni." Ẹni tó gbé báàgì jáde ṣáájú, wẹ́dà tó ń jó irin ni.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì aṣọ́géètì. Bàbá Wáyà wà nínú kòtò, níbi tí ohùn gbohùngbohùn kì í dé, nígbà tí mo tan iná. Wáyà kẹrìnlá. Iṣẹ́ tí mo ráhùn lé lórí ló ń bá mi ṣe. Ogbó ti dé, mo ní. Ojú tì mí.

Ìṣẹ́gun, 14

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́rú, 15

Ọ̀kan nínú àwọn tuntun bi mí pé ta ló ni àgádágodo tó wà nínú garawa. Mo ní ó ti bàjẹ́ ni. Irọ́.

Ọjọ́bọ̀, 16

Mo kọ ọ́ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀, mo sì buwọ́ lù ú. Ọ̀gá Aago ka á lórí ìdúró.

"Ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú, sà.

"Ta ló fara pa?"

Kò sí.

"Ya á."

Mo ní kí wọ́n má bínú, mo ti fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ ààbò. Ó ní mo ti fọwọ́ ara mi ba ti ara mi jẹ́. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹtì, 17

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ mi. Kí n lọ rọ́kún nílé títí wọ́n á fi ṣèwádìí tán. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi. Ó gbọ́ ọ délẹ̀, ó wá bi mí: "Ṣé o ti lọ bẹ bàbá náà?"

Mi ò tíì lọ. Ẹ̀rù ń bà mí.

Àbámẹ́ta, 18

Mo lọ lọ́sàn-án. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó pariwo ayọ̀: "Bàbá, ọmọ yín dé o!" Kò mọ nǹkan kan. Bàbá Wáyà ní kó lọ bu omi wá fún mi.

Mo kúnlẹ̀. Mo sọ pé èmi ni mo gé e, pé mo ti fẹjọ́ ara mi sùn, pé wọ́n ti ní kí n lọ jókòó sílé. Kí n má parọ́ fún ìwé yìí: mò ń retí kó sọ pé ó ti tán.

Ó ní kí n dìde. Ó wá ń sọ ọ́ fún mi wọ́ọ́rọ́, bó ṣe máa ń kọ́ mi níṣẹ́. Ó ní òun ti nawọ́ sí ẹnu wáyà náà nígbà tí òun gbọ́ tí nǹkan ń kùn. "Mo yọwọ́ kíá. Mo wá fi ara mi rẹ́rìn-ín. Mo ní ibòmíì ni wọ́n tanná sí, ìwọ lo sáà wà nídìí bọ́ọ̀dù. Mo tún nawọ́ sí i." Ibi tó ti ń nawọ́, òógùn yọ awò ojú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè wá a, ó sì rí i pé iná pupa tó wà lẹ́sẹ̀ àpótí wáyà ti tàn: iná ti wà lára wáyà.

Mo ń sunkún.

"Mo ti dárí jì ọ́, ọjọ́ náà gan-an," ó ní. "Kì í ṣe ìbínú ló lé mi kúrò níbẹ̀. Àmọ́ ká ní ẹlòmíì ló wà nídìí bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní tún nawọ́ sí wáyà yẹn."

Ìyàwó rẹ̀ gbé omi dé. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo bá òun tọ́jú ọkọ òun dáadáa níbi iṣẹ́ láti gbogbo ọdún yìí wá. Mo gba omi náà, mo mu ún tán.